Ilẹ̀kùn Mọ́tò Onílé Mi

Ìyá mi,

Àárò yín ń sọ mí. Ara mi le, ikọ́ díẹ̀ ló kù, ẹ má dààmú. Yàrá mi fẹ̀ débi pé mọ́tò lè wọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ yẹ̀yẹ́. Onílé mi ní òun ò ní gbé mọ́tò òun fún pẹ́ńtà kankan, òun ti wo bí wọ́n ṣe ń kùn ún lórí fóònù. Òpònú! Kò fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn mọ́tò náà dáadáa, ó kàn ń fín ọ̀dà nínú gáréèjì rẹ̀ bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ọ̀dà ń ṣàn wálẹ̀ bí ikun imú, òun dúró, ó ń wò ó bí ìyàwó tuntun. Ìgbà tí eruku àti òwú lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ló fà á.

Èmi tí mo fọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́ pẹ́ńtà mọ̀ pé omi là ń kọ́kọ́ dà sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Ṣùgbọ́n mi ò da omi kankan. Ilẹ̀ gáréèjì yẹn náà ni mo tẹ́ ẹní mi sí.

Ẹ bá mi kí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Tó bá bèèrè mi, ẹ ní òórùn ọ̀dà ò tíì kúrò nímú mi.