Orúkọ Tí Áàpù Wa Kọ Sórí Oko Màmá Awóníyì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ilé Epo, Lágere,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọgbà Yunifásítì,
Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ JẸ̀Ẹ́ KÍ ẸGBẸ́ KEJE ṢÀFIHÀN ÁÀPÙ WỌN KÍ Ẹ TÓ WÁDÌÍ ORÚKỌ TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

1. Orúkọ mi ni Fisáyọ̀mi Lágúnjú, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún kẹrin ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo wà nínú Ẹgbẹ́ Keje tí ẹ̀yin fúnra yín pín, tàbí kí n sọ pé mo wà níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwa mẹ́ta ni: Adésọjí Awódélé láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, tí í ṣe olórí wa; Mojíre Ìkẹ́olúwa láti ẹ̀ka jọ́gíráfì; àti èmi. Ẹ ní kí oníkálukú mú ohun tó mọ̀ wá. Adésọjí ń kọ áàpù, Mojíre ń ya àwòrán ilẹ̀, èmi ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

2. Iṣẹ́ áàpù wa kò le. Àgbẹ̀ á mú fóònù lọ́wọ́, á rìn yí oko rẹ̀ ká, fóònù á ya àwòrán oko náà, á sì sọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹni tó ń ta ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò má baà rẹ́ ẹ jẹ. A fẹnu kò pé a kò ní kọ orúkọ olóko kankan sínú rẹ̀. Èmi ni mo tẹnu mọ́ ọn, nítorí mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá, ká má tíì sọ ti àjèjì.

3. Ẹdúnàbọ̀n, ìlú ìyá mi, Adéṣọlá, ni mo mú wọn lọ. Èmi ni mo mú wọn wọlé kí àwọn olóko lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá rin ààlà oko. Bí o bá fẹ́ rìn ín, wàá ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ jọ pààlà, wọn á dúró nídìí pèrègún tí a fi pààlà, gbogbo yín á sì jọ rìn ín. Ẹni tí wọ́n bá rí tó ń dá yí oko po, wọn á bi í léèrè ohun tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún Adésọjí àti Mojíre, wọ́n sì gbà. Gbogbo oko tí mo bá wọn dé, bẹ́ẹ̀ la ṣe.

4. Oko kòkó Màmá Awóníyì nìkan ni n kò bá wọn dé. Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè mí. Wọn kò dúró. Opó ni Màmá, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n, nítorí náà Ọ̀gbẹ́ni Ìfẹ́dayọ̀ ló ń bá wọn mójú tó oko. Bí wọ́n bá kórè kòkó, àwọn méjèèjì á pín in. Ìfẹ́dayọ̀ yìí ni Adésọjí gbé fóònù fún. Òun nìkan ló rìn. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni tó bá Màmá pààlà, wọn kò sì pe Màmá alára.

5. Kò pẹ́ tí Ìfẹ́dayọ̀ fi lọ bá Màmá nílé. Kò bá wọn jà. Ó kí wọn dáadáa, ó jókòó, ó ṣí fóònù, ó fi àwòrán oko hàn wọ́n, orúkọ tirẹ̀ sì wà lábẹ́ àwòrán náà gẹ́gẹ́ bí olóko. Ó ní yunifásítì ti wọn oko náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ fún òun, kí Màmá má bínú. Ẹ̀yin Ọ̀gá, Màmá àti ọkọ wọn ló fọwọ́ ara wọn gbin oko yìí. Òun ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

6. Mo bi Adésọjí. Ó ní àlàfo kékeré kan fún orúkọ lásán ni òun fi kún un, pé ẹni tó bá mú fóònù rìn ni áàpù ń pè ní olóko, pé a ó tún un ṣe tó bá yá. Bóyá àṣìṣe ni lóòótọ́. Ọmọ Èkó ni. Ó lè rò pé ẹni tó bá ń roko náà ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣàṣìṣe kì í sá fún ìbéèrè. Bí mo ṣe ní kó pa orúkọ náà rẹ́ báyìí, ó yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ wa lórí Wásáàpù, n kò sì lè wọ inú áàpù tí mo bá wọn ṣe mọ́. Mojíre, tí a jọ máa ń jẹun, kì í gbé ìpè mi mọ́. Ó dùn mí gan-an.

7. Ohun kan tún wà tó ń kọ mí lóminú. Ọkùnrin kan wá sí yàrá iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Adésọjí ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni. N kò jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “sà” ló ń pè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin náà kò béèrè bí áàpù ṣe ń ṣiṣẹ́. Oko tó sún mọ́ títì Ìbàdàn jù ló ń béèrè. Ti Màmá Awóníyì ni. N kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ká lára tó ń béèrè títì. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Síbẹ̀, n kò ní ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ta ohunkóhun, n kò sì fẹ́ purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ. Ìfura ni mo ní, mo sì ń pè é ní ìfura.

8. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìṣàfihàn. Ẹ ti kéde pé áàpù tó bá gbégbá orókè ni ẹ ó fi lé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lọ́wọ́, kí wọ́n máa lò ó láti Ìpetumodù dé Ẹdúnàbọ̀n. Bó bá ti dé ọwọ́ wọn, ta ni yóò tún gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣèèṣì kọ orúkọ Ìfẹ́dayọ̀? Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

(a) kí ẹ dá áàpù náà dúró títí orúkọ yóò fi kúrò nínú rẹ̀;

(b) kí ẹ rán ẹnìkan bá wa padà sí oko náà, kí àwọn tó bá Màmá pààlà, àwọn ọmọ Màmá, àti Ìfẹ́dayọ̀ fúnra rẹ̀ jọ rìn ín, kí Màmá sì jókòó níbi tí wọ́n ti lè rí gbogbo wa;

(d) kí ẹ bi Adésọjí, lójú èmi àti Mojíre, ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe.

9. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá mú máàkì mi lọ, kó máa lọ. Mo lọ kí Màmá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé yunifásítì kì í pín ilẹ̀, pé ìgbìmọ̀ yóò gbọ́, pé a ó tún un ṣe. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá ní: “N ò mọ yunifásítì. Ìwọ ọmọ Adéṣọlá ni mo mọ̀. Ìwọ lo ní ká gbà wọ́n láyè.” Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní èsì tí mo lè mú padà lọ bá wọn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi tí ń retí ìdáhùn yín,

Fisáyọ̀mi Lágúnjú
(Ẹni tó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, Ẹgbẹ́ Keje)