Ilé Tó Wà Nínú Egungun Ìbàdí Mi

Fàdìlàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rídwàn ọkọ rẹ, mo kí ariwo jẹnẹrétọ̀ Baruwa tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìrun. Àlàáfíà ni mo wà, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá ìwọ náà bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òjò ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe gbé bírò.

Ojú ibi tí dókítà Ẹ̀gbẹ́dá ti fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn inú egungun ìbàdí mi ti jinná. Má bínú mọ́ nípa fọ́ọ̀mù yẹn, jàre. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo kọ Ganiyat ará ilé kejì, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti òun.

Ọ̀rọ̀ dókítà náà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní inú egungun ni àwọn ìyá tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ń gbé bí ará agboolé, pé bí èèyàn bá ti dàgbà, ọ̀rá á gba àgbàlá wọn, púpọ̀ nínú wọn á máa sùn, ìyá kan ṣoṣo á wá fi ọmọ kún gbogbo ilé, ojú kan náà ni gbogbo wọn á sì ní. O bẹ̀ ẹ́ pé kó fa tìrẹ fún mi. Ó ní ìyá ọ̀dọ́ tí a bá kó sínú ilé tó ti gbó, kì í pẹ́ tí òun náà á fi gbó.

Ìgbà tí mo délé ló tó yé mi. Nínú yàrá mọ́kànlá tó wà nílé wa, àwọn ọmọ Jàfárù, àbúrò bàbá rẹ, nìkan ló kù, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Mo ní háà, abẹ́rẹ́ yẹn ríran! Bó bá jẹ́ ilé wa ló wà nínú mi, ẹni tó gbá ti ìta ti gbá ti inú nìyẹn. Mo ń ṣí yàrá tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbá a, mo ń pe orúkọ ẹni tó ni ín, ìbàdí mi sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo kan tìrẹ. Wọ́n ti gbá a dè mí, ẹní ti wà nílẹ̀. Mo pe Fàdìlàt, ohùn rẹ sì dáhùn pé Màámi, ohùn ìgbà tí o wà ní pírámárì. Ẹ̀rù ò bà mí, ta ni ọmọ rẹ̀ ń dẹ́rù bà? Ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí mi, irun orí rẹ̀ sì funfun báláú. Mo yára ti ilẹ̀kùn.

Má wá sílé fún iléyá, ọmọ mi. Ojú rẹ ń wù mí, mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé yìí á sọ ọ́ di arúgbó. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki abẹ́rẹ́ bọ egungun rẹ nítorí mi, èmi ti jẹ ayé tèmi. Wo orí rẹ nínú dígí. Bó o rí ewú, bó ò rí i, fi owó sìmẹ́ǹtì àpò méjì ránṣẹ́ kí n fi mọ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ yẹn pa. Fi lé awakọ̀ Abúlé Ẹ̀gbá lọ́wọ́, má fi sínú fóònù. Èyí tó o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò jáde.

Bí mo bá ti dárúkọ rẹ nínú àdúà báyìí, ẹnìkan máa ń ṣe àmín nínú yàrá náà. Nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ mọ́. Ìwọ tí o wà ní Baruwa, ìwọ tí irun rẹ ṣì dúdú, Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi.

Má ṣe àmín sókè o.

Èmi ni, ìyá rẹ.