Iná Tí Ẹ Yàn fún Iyùn Inú Gíláàsì

Ẹ̀gbọ́n mi Dáúdà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti ń wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, inú ń bí mi o! Mo ní ká ra iná LED tí kì í jẹ iná púpọ̀ fún gíláàsì ẹja àti iyùn òkun alààyè, tí kì í yè láìsí ìmọ́lẹ̀, tí ẹ fi sí pálọ̀ Màmá, ẹ ní iná háláìdì, gílóòbù ńlá yẹn, ló ń ràn bí oòrùn. Bí NẸ́PÀ bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, háláìdì yín ò ní tàn mọ́ àfi tó bá tutù; kó tó tutù, wọ́n ti mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò lè gbé e pẹ̀lú fáànù Màmá, ẹ ní ká pa fáànù! Iyùn ọ̀hún ti kú, ó funfun bí egungun.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Màmá ní, “Bá mi bi Dáúdà, ṣé àfi kí n di iyùn kó tó ro tèmi?”

Àbúrò yín,
Mùjídàt, Igbó-Elérin