Èpè Orí Wọ́sáàpù

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Màmá Alálùbọ́sà pa lónìí. Àgádágodo ńlá. Obìnrin tó ti ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Uselu, ní Benin, láti ìgbà tí àwọn tó wá tì í pa ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú!

Ẹ̀sùn wo? Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sí lórí pọ́tàlì. Àwọn tó ń pe ara wọn ní Àjọ Ọjà Ìgbàlódé ló pàṣẹ pé gbogbo ìsọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí oṣù tó kọjá tó parí. Èmi fúnra mi ni mo forúkọ màmá sílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Uwasota, láti oṣù kẹjọ. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà. Mo mú nọ́ńbà yẹn lọ bá wọn. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání wo fóònù rẹ̀, ó ní, “Madam, e still dey show pending.”

Pẹ́ńdìn! Àwọn ló yẹ kí wọ́n tẹ ohun tó yẹ ní títẹ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Àwa ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀tá ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìjọba wa ti rí ohun tuntun tí wọ́n lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. Báyìí, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò tíì gbà. O ò lè bá ẹ̀rọ jà, o ò lè bẹ̀ ẹ́, kò ní ìyá tí wàá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àlùbọ́sà wà nínú ibẹ̀. Kò sí fèrèsé.

Ìṣẹ́gun, 7

Wọn ò ṣí i.

Ọjọ́rú, 8

Èmi àti màmá jọ lọ. Kò pariwo, èmi ni mo ń pariwo. Alága Táblẹ́ẹ̀tì kọjá nínú jíìpù — orúkọ tí mo sọ alága àjọ náà nìyẹn, torí táblẹ́ẹ̀tì kì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí màmá lọ rí IT, ìyẹn ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn. Gíláàsì gòkè padà. Màmá bi mí pé ta ni Ọ̀gbẹ́ni IT yẹn, níbo ló ń gbé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí.

Òórùn ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

Alẹ́ — màmá fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, gbogbo àwa Yorùbá tá a wà ní Benin níhìn-ín: ọlọ́jà Uselu, télọ̀ Ikpoba Hill, olùkọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni ádímìn. Wọ́n ní èmi ni mo mọ fóònù. Lójoojúmọ́, ẹ káàárọ̀ tó ní òdòdó lára ló ń wà níbẹ̀, àti ìkéde òkú. Màmá ò mọ̀wé, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ bí ọbẹ̀ ṣe jinná:

“Ẹni tó ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mọ́ mi, ilẹ̀kùn yòówù tó bá kàn, kó máa tì mọ́ òun náà. Ó dàárọ̀ o. Bàbá Ṣùbòmí, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

Àmín tẹ̀lé e bí òjò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èpè kì í ṣí àgádágodo, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé ẹ̀hónú. Àmín míì ni wọ́n kọ lé e lórí.

Àbámẹ́ta, 11

Èmi ò gba èpè gbọ́. Kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lánàá ni wọ́n ṣí ọ́fíìsì tuntun àjọ náà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, ojú ọ̀gá ló ń wò kó tó ṣí. Alága dúró síwájú rẹ̀, àwọn oníkámẹ́rà dúró sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn kọ̀. Ó ṣí fìlà. Ó kọ̀. Ó bọ́ awò ojú, ó nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ilẹ̀kùn kọ̀ jálẹ̀! Kápẹ́ńtà ni wọ́n lọ pè.

Ìrètíolúwa ọmọ mi ló fi fídíò náà hàn mí. “Mummy, come see your chairman.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn tó wà lórí fídíò náà. Yéè! Ohùn Màmá Alálùbọ́sà ni, èpè yẹn gan-an. Ta ló gbé e kúrò nínú ẹgbẹ́? Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ó ti dé gbogbo Benin. Ìyàwó onílé wa, ọmọ Bìní, ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá. “Isẹ” ló sọ — àmín tiwọn nìyẹn.

Ajé, 13

Èmi ni wọ́n wá mú. Kì í ṣe màmá o. Èmi!

Ọlọ́pàá méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù, wọ́n gba fóònù. Ní téṣàn, ọ̀gá wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi ṣáá. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa pè é níbí. Ó ní òfin ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní wọ́n lo ẹ̀rọ láti dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo ní ṣé ohùn mi ló gbọ́? Ó ní, “Madam, you be admin. Na you get group.”

Èmi wá ni mo ni ẹnu gbogbo ènìyàn! Òfin yẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ní torí àwọn tó ń jí owó olówó lórí fóònù ni. Wọ́n ní torí àwọn tó ń gbé àwòrán ìhòòhò ọmọ ọlọ́mọ káàkiri ni. Ẹ wo fóònù yín, àwọn yẹn ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, ara wọn le. Àwa ni òfin rí mú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkà ní ilẹ̀ yìí ò tún nílò ẹgba mọ́, kó sáà ti rí òfin tó ní “íńtánẹ́ẹ̀tì” lórúkọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀. Akíntáyọ̀ ọkọ mi ló wá dúró fún mi. Minísítà Sùúrù ni mo ń pè é. Kẹ̀kẹ́ gbé wa délé. Ó wá ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní mo gbọ́. Mo ní èmi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò jẹun.

Ọjọ́rú, 15

Wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù ni. Rárá o.

Alága fẹ́ kí wọ́n ká èpè náà kúrò lórí òun!

Mo ní kí Ẹlẹ́rìn-ín tún un sọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Chairman no dey sleep.” Ó ní kí màmá gba ohùn mìíràn sílẹ̀, kó ní òun ti ká a, kó sì súre fún alága. Kí èmi gbé e sórí ẹgbẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀ títí Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kóòtù.

Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ni mo bú sí. Nínú ìwé ẹ̀sùn, ó di ìhalẹ̀mọ́ni. Ní yàrá alága, ó di èpè. Tó bá jẹ́ òfin ni, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin. Tó bá jẹ́ èpè ni, kó bọ́ bàtà, kó dọ̀bálẹ̀ fún màmá bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́, kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń fi ọlọ́pàá gba ìre?

Ẹtì, 17

Ṣọ́ọ̀bù mi náà wà ní títì, kí ni màá fi ṣiṣẹ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, wọ́n ń padà. Mi ò tíì sọ fún màmá.

Àìkú, 19

Ó ti gbọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ikpoba Hill wá bá wa nílé, orí rẹ̀ ṣì wà nínú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ọlábísí, ṣé tìtorí mi ni wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ?”

Mo ní rárá, mà. Ó ní kí n gbójú sókè kí n tún un sọ. Mi ò lè tún un sọ.

Ó ní òun máa ká a. Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ ká a, mà, ẹ ò jẹ̀bi. Èmi tí mi ò gba èpè gbọ́! Mo ń bẹ ìyá arúgbó pé kó má ká èpè. Minísítà Sùúrù ń bẹ èmi, ó ń bẹ òun. Màmá ní, “Mo mọ̀ pé mi ò jẹ̀bi. Ìwọ náà ò jẹ̀bi. Nínú àwa méjèèjì, ta ló wá yẹ kó sùn sí àtìmọ́lé?”

Mo wá bú sẹ́kún níwájú ọmọ mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ló béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù òun lójú òun kí òun tó la ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 23

Wọ́n ṣí i. Ọlọ́run mi, òórùn! Ẹlẹ́rìn-ín sá sẹ́yìn, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Gbogbo àlùbọ́sà ti di omi. Màmá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá èyí tó bá ṣì le. Ó rí díẹ̀. Ó kó o sí ìdí ìró rẹ̀. Mi ò lè wò ó.

Jíìpù alága wà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n dá fóònù mi padà torí ìwúre yìí nìkan. Láptọ́ọ̀pù ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo gbé fóònù náà sẹ́nu màmá. Ó kí alága. Ó kí ìyá tó bí i. Ó ní, “Èpè tí mo ṣẹ́, mo ti ká a kúrò lórí rẹ. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí fún ọ.” Gíláàsì jíìpù sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Màmá wá wo àwọn ìsọ̀ tó kù tí àjọ náà tún tì lórí ìlà náà, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà wọn títí lọ. Ó ní:

“Tèmi ni mo ká o. Tàwọn tó o ṣì tì mọ́de, kò sí lọ́wọ́ mi. Lọ bá wọn.”

Kí Ẹlẹ́rìn-ín tó na ọwọ́ sí fóònù, mo ti fi ránṣẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, 24

Ẹlẹ́rìn-ín pè. Kò sí ẹ̀rín. Ó ní ìyẹn kọ́ la jọ sọ. Àwọn obìnrin tó kù lórí ìlà ti ń fi ohùn tiwọn ránṣẹ́, kálukú pẹ̀lú èpè tirẹ̀, alága ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kóòtù lọ́jọ́ Ajé. Àfi tí mo bá pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ kó tó di ìgbà yẹn, kí n sì fọwọ́ sí i pé mi ò ní dá òmíràn sílẹ̀ láé. Ó ní ohunkóhun tẹ́nikẹ́ni bá sọ níbẹ̀, orí ádímìn ló wà.

Àbámẹ́ta, 25

Minísítà Sùúrù ní kí n pa á rẹ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí kò ṣe é bá jà. Ó ní ta ló máa wà pẹ̀lú Ìrètí tí wọ́n bá tì mí mọ́lé?

Nígbà tí bàbá mi kú, inú ẹgbẹ́ yẹn la ti kéde rẹ̀. Ilé kún kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹlòmíràn ò rí mi rí. Èyí ni wọ́n ní kí n fi ìka kan pa.

Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí, nítorí náà màá sọ ọ́: ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń bà mí gan-an.

Àìkú, 26

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ ọ́ sórí ẹgbẹ́. Ẹ má bínú, mo máa pa á rẹ́ ní alẹ́ òní. Mo ṣàlàyé ohun tí ọlọ́pàá sọ, pé ádímìn ni wọ́n ń mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́.

Nígbà tí mo padà, ohùn màmá wà níbẹ̀. “Ádímìn tí wọ́n ń mú yẹn, Ọlábísí, fi èmi náà jẹ ẹ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.”

Motọ́lání télọ̀ tẹ̀lé e: èmi náà. Lẹ́yìn náà Dókítà Adékọ́lá, olùkọ́ yunifásítì tí kì í sọ̀rọ̀ rárá lórí ẹgbẹ́ yẹn, tí mo ti rò pé ó ti sọ fóònù nù: fi orúkọ mi sí i. Bàbá Ṣùbòmí pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ńbà tí mi ò mọ ẹni tó ni ín. Èmi náà. Èmi náà, mà. Àǹtí, ẹ má gbàgbé mi. Mo ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ wọ́n di ádímìn, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ìrètíolúwa dúró sẹ́yìn àga. “Mummy, abeg add me join.” Mo ní kó lọ sùn.

Minísítà Sùúrù wà lórí àga kejì, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kọ lẹ́tà kan síbẹ̀ rí. Fóònù mi tún dún. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

“Bísí, ó ku èmi.”

Mo wojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n fóònù ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.