Ọ̀dọ̀ Ìyá Ló Ti Wá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ń rán orí Ìyá Tolú lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi láṣọ.

Láàárọ̀ ni ọkọ rẹ̀, Gbénga tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Fẹ́sítáàkì (mi ò ní pè é ní Bọ̀dá mọ́ láé), bi mí pé kí la rí nínú ẹ̀jẹ̀ Tolú. Ọmọ náà ò lè rìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó kú. Mo dáhùn bí a ṣe ń sọ ọ́ ní láàbù: purotéènì kan ló bàjẹ́ nínú maitokọ́ńdíríà, ibi tí ara ti ń rí agbára. Irú èyí, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá.

"O ṣé, Dókítà."

Mo rò pé ó yé e.

Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti wọ́ ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu géètì, ó ń fi omorogùn lù ú lórí.

"Àjẹ́. Ẹ̀rọ òyìnbó ti tú àṣírí ẹ."

Mo fò sáàárín wọn, mo gé e jẹ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Ká ní òkúta wà nítòsí ni, mi ò bá pa á. Mo ń pariwo pé ìyàwó rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, pé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i lòun náà ti jogún ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Ìyá ẹ̀ náà?"

Ó ju omorogùn náà sínú mọ́tò, ó wa jáde. Alákijà ni ìyá yẹn ń gbé, òun nìkan.

Mo ti ń pe ìyá náà láti ìgbà yẹn. Fóònù ń dún, kò gbé e.