Màmá Mi, Ẹ Má Dá Dókítà Lóhùn Pé Fáìn Ni

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bódìjà níbí. Mo kí Àkànbí, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Mo kí Ìyá Dèbórà, ará ilé kejì, mo sì kí gbogbo ẹni tó bá wọlé wá bá yín jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti sọ fún yín lórí fóònù pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Ẹ ní kò burú, bó bá lè ṣe ìyá ẹlòmíràn lóore, kí n ṣáà má dárúkọ yín. Mi ò ní dárúkọ yín.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ túmọ̀. Fáìn jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń lò láti sọ pé nǹkan dára, pé ara le, pé kò sí wàhálà. Ìtumọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe nílùú yìí. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ á ní léèsì òun fáìn, ìyẹn ni pé ó lẹ́wà. Awakọ̀ tó bá yà síbi tí kò yẹ ní Challenge, wọn á fáìn rẹ̀, ìyẹn ni pé á sanwó ìtanràn. Àwọn ọmọ yunifásítì ní Àgbowó á pe ọ̀dọ́mọkùnrin ní fáìn bọ́ì, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bí mo bá sì fẹ́ bu ìrẹsì kún ti àlejò mi, tó bá gbé ọwọ́ sókè pé òun fáìn, ó ti yó nìyẹn.

Kì í ṣe fáìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ báyìí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Òjòó, ẹ ní ẹ fẹ́ dúrọ́ọ̀pù, takisí tó máa gbé ẹ̀yin nìkan ni wọn á fún yín. Ẹ dé ọ̀dọ̀ mi ní ilé ìwòsàn ojú, ẹ ní ẹ fẹ́ dúrọ́ọ̀pù, oògùn olómi tí à ń kán sójú ni nọ́ọ̀sì á gbé wá. Pírẹ́ṣọ̀ náà ńkọ́? Fọ́kánáísà tó wà lẹ́bàá ọjà Bódìjà ń wọn pírẹ́ṣọ̀ táyà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, pírẹ́ṣọ̀ la ń pè é. Ojú náà ní pírẹ́ṣọ̀ tirẹ̀, nítorí omi kan ń bẹ nínú ẹyin ojú tó yẹ kó máa rí ọ̀nà ṣàn jáde. Obìnrin kan ti bi mí rí pé kí ló dé tí òun tún fi máa kán oògùn sójú, ṣebí òun ń lo oògùn pírẹ́ṣọ̀ láràárọ̀. Mo ní Màmá, ilé kan náà ni, àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ ni. Ó ní háà, òun ti ń fi kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ ṣí kíṣìnnì láti ọjọ́ yìí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán oògùn rẹ̀.

Irú ìyẹn kì í dà mí láàmú. Bí ènìyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ mú, mo lè jókòó kí n là á yé e. Èyí tó ṣòro ni ìgbà tí ẹni náà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa, tó sì fi bo ohun tó ń ṣe é mọ́lẹ̀, nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà. Bí àgbà bá bi ọmọ pé ṣé dáadáa ni, a dúpẹ́ ni ọmọ á kọ́kọ́ dáhùn, ì báà jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ. A kì í fi ẹjọ́ pàdé ìkíni lẹ́nu ọ̀nà. A ó kí ara wa délé, délẹ̀, a ó béèrè iṣẹ́, a ó béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ni ènìyàn á wá fa ohùn sílẹ̀ pé àmọ́ ṣá, ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ìṣe wa nìyẹn, ó sì dára. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, a gbé fáìn wọ a dúpẹ́ bí ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ sílẹ̀. Èrò pọ̀ níta, wọn kì í dúró de àmọ́ ṣá.

Mo rí i lára bàbá kan tó ń ta irin ìkọ́lé. Gbogbo ohun tí mo bi í, fáìn ni. Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fi ọkọ mi dá mi lọ́lá, ó dìde. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó yíjú padà. Ó ní, dókítà, nǹkan kékeré kan ló kù o, ọ̀kadà wá láti ẹ̀gbẹ́ òun ní ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ kó gbé òun lọ, òun kò rí i rárá, èpè tí ọlọ́kadà náà ń ṣẹ́ ni òun fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré! Mo ní Bàbá, ẹ padà wá jókòó. Láti ọjọ́ náà, mo ti yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Mo ń kí àwọn àgbà tó wá sọ́dọ̀ mi tán pátápátá, tilé toko, lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè pé kí ni ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Ìbéèrè yẹn kò ṣeé fi a dúpẹ́ dáhùn.

Òjò ń rọ̀ gan-an ní Ìbàdàn lásìkò yìí. Omi a máa bo ojú ọ̀nà ní Ring Road, àwọn tó wá rí wa á wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n ká dé orúnkún. Mo dúpẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ. Ilé ni ó máa ń dá páropáro. Ní Bódìjà, fẹ́ǹsì ga, ìró jẹnẹrétọ̀ la fi ń mọ̀ pé aládùúgbò wà nílé. Mo máa ń rántí ìgbà tí ẹ wá kí wa lẹ́yìn Àjíǹde, tí ẹ ń kọrin ìjọ nínú kíṣìnnì bí ẹni pé ilé yín ni. Ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí ohun tí mi ò fẹ́ rí.

Ẹ gbé àwo ẹ̀wà lọ́wọ́, ẹ fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Ẹ ní férémù mi ló yọrí síta. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún gbá a, èjìká kan náà. Mo ní Màmá, ojú ńkọ́? Ẹ ní fáìn ni. Ẹ ní ẹ ṣì ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ láì wọ gíláàsì, pé nínú àwa méjèèjì, ta ló ń wọ gíláàsì? Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Àmọ́ mo mọ àrùn kan tó máa ń fi ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tó sì ń jẹ ẹ̀gbẹ́.

Gulokóómà ni orúkọ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyin ojú ni kì í ṣàn jáde bó ṣe yẹ, á wá máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í dunni, kì í pọ́n, kì í sun omi. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà ń kọ́kọ́ mú lọ, díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀kánkán á ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ohun tó bá mú lọ kì í dá a padà. Oògùn wà láti di èyí tó kù mú, iṣẹ́ abẹ náà wà. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ rántí ìyá yín, tí a ń fà lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ogbó la pè é nígbà náà. Kò dá mi lójú mọ́ pé ogbó ni.

Mi ò fẹ́ yẹ ojú ìyá mi wò fúnra mi, ìfẹ́ kì í jẹ́ kí a rí òótọ́. Ni mo fi fà yín lé dókítà ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí yín, ẹ súre fún un. Ó wọn pírẹ́ṣọ̀ ojú yín, ó ga. Ó wo iṣan ẹ̀yìn ojú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá gbé yín síwájú ẹ̀rọ tó rí bí abọ́ ńlá funfun. Ẹ gbé àgbọ̀n lé e, wọ́n bo ojú kan, wọ́n ní kí ẹ tẹjú mọ́ àárín. Iná tíntìntín á máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ẹ bá rí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ débi pé ẹlẹgbẹ́ mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun kò lè lo àyẹ̀wò náà fún ohunkóhun, bóyá ohun tí òun sọ kò yé Màmá. Ó fún yín ní dúrọ́ọ̀pù, ó ní kí ẹ padà wá. Èmi náà rò pé kò yé yín.

Àṣé ó yé yín ju wa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àkànbí pè mí, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní ẹ ń ròyìn fún Ìyá Dèbórà pé wọ́n gbé ẹ̀rọ òyìnbó kan síwájú yín, pé ẹ mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹ ní kò sí bí ẹ ṣe máa jókòó níwájú àwọn tí ọmọ yín ń bá ṣiṣẹ́ kí ẹ máa sọ pé ẹ kò rí nǹkan, kí wọ́n wá ní ìyá dókítà ojú gan-an kò ríran. Ẹ ní bí ẹ̀rọ náà bá ti ta kẹ́ báyìí, ẹ̀yin náà á tẹ̀ ẹ́. Ìyá Dèbórà pàtẹ́wọ́, ó ní ìyá dókítà tòótọ́, ẹ ò dójú ti ọmọ! Ẹ ní ojú yín fáìn, pé dúrọ́ọ̀pù yẹn náà, ẹ ti rọra gbé e sílẹ̀ kí owó mi má baà máa ṣòfò.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, nítorí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn, á ta kẹ́ láì tan iná kankan, láti mọ̀ bóyá ìró lẹni náà ń tẹ̀ lé. Àwọn iná tó sì ń tàn gan-an, á máa dín wọn kù títí ojú ò fi ní lè rí wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí mo bá jókòó síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iná ni mi ò ní rí. Ọmọ ogún ọdún kò ní rí gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gba gbogbo máàkì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fìdí rẹmi. Ibi tí ẹ kò bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ fún wa ibi tí a ó ti dáàbò bo ojú yín. Nígbà tí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa tí a fẹ́ wọlé wá ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ kò lè dójú tì mí, Màmá. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó máa dùn mí ni kí n máa la ojú ará Ìbàdàn, kí ìyá mi wá máa táràrà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó sọ pé òun kò rí i. Ẹ padà sídìí dúrọ́ọ̀pù yín lónìí, ọ̀rọ̀ owó rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí Àkànbí mú yín wá, kí ojú tirẹ̀ náà lè rí àyẹ̀wò, èmi pẹ̀lú á ṣe tèmi. Mo ti sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi pé kó kí yín dáadáa kó tó bi yín ní ohunkóhun.

Ẹ bá mi kí pásítọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ẹ kí Ìyá Dèbórà, ẹ ní mo ní òun náà kàn, kó bá yín wọkọ̀. Ọlọ́run á dá ìmọ́lẹ̀ sí fún yín, ẹ ó fi ojú ara yín mọ àwọn ọmọ ọmọ yín láti òkèèrè kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ọjọ́bọ̀ tó pé, ẹ ṣe èyí láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka lẹ́tà yìí náà ṣe é pẹ̀lú ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rọ́pò àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Ẹ jókòó kọjú sí Àkànbí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún, ẹ tẹjú mọ́ imú rẹ̀, ẹ má yíjú. Kí òun náà bo ojú òsì tirẹ̀, kó tẹjú mọ́ imú yín, kó na ìka láti ẹ̀gbẹ́ òsì yín, kó rọra máa gbé e bọ̀ wá sáàárín yín. Ìgbà tí ẹ bá rí ìka náà gan-an ni kí ẹ ní ẹ rí i. Bí òun bá ti rí i tí ẹ̀yin kò tíì rí i, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó sì pè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá