Yàrá Ìsàlẹ̀ Tí Omi Ń Sun Láti Ilẹ̀

Ẹ̀yìn Ọjà Barnersville,
Barnersville,
Monrovia, Liberia.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Keje, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́,
Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Àárọ̀,
Benson Street,
Monrovia.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TẸ́ TÁÌSÌ, KÍ Ẹ MÁ TẸ́ PÁKÓ, SÍ YÀRÁ ÌSÀLẸ̀ ÀWỌN ỌMỌDÉ

1. Èmi ni ìyá Ìyìnfolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọ ń bá wa tọ́jú ní yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ní Sátidé yìí ẹ fẹ́ ká rọ́ọ̀gì yàrá náà kúrò, kí ẹ fi pákó dídán rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kánjú kọ̀wé nìyí, ẹ má bínú.

2. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni Arábìnrin Catherine, olùtọ́jú wọn, ti ń fẹjọ́ sùn mí pé Ìyìnfolúwa ń tọ̀ sórí ẹní lọ́sàn-án. Ọmọ tí kì í tọ̀ọ́lé mọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní kó máa dá sùn nídìí ògiri ẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Atọ̀ọ́lé.

3. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ pé ó dákú. Dókítà ní omi ló gbẹ lára rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kì í mu omi mọ́ kí òun má baà tọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹní rẹ̀ tún tutù rinrin lọ́jọ́ náà.

4. Ìyẹn ló mú mi lọ gbé etí rọ́ọ̀gì níbi tó ń sùn. Omi ń ro láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Kò rùn bí ìtọ̀ rárá, òórùn ilẹ̀ ni. Abẹ́ rẹ̀ ti bu, ó ti dúdú dé àárín yàrá. Ògiri tí wọ́n gbé ọmọ mi sún mọ́ gan-an ni òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lomi ti ń wọlé. Arábìnrin Catherine náà fojú ara rẹ̀ rí i.

5. Mo mọ̀ pé ẹ yẹ ilẹ̀ náà wò kí ẹ tó tẹ́ rọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n oṣù Kejì ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Òjò Monrovia kì í ṣe òjò Ìbàdàn tí a mọ̀ nílé. Pákó á wú, á gbéra sókè, a ò sì ní rí ohun tó ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀.

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ògiri náà, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì tí omi kì í là kọjá rẹ́ ilẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ táìsì tí kì í yọ̀. Mo gbọ́ pé Ìyá Ìjọ ní táìsì á tutù jù fún ọmọdé. Òótọ́ ni. Àwa ìyá á ra ẹní tí a lè máa sá sóòrùn. Òtútù tí mo fojú rí tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí a fi rọ́ọ̀gì bò.

7. Ó ku ọ̀kan. Kí Sátidé tó dé, ẹ bá mi rán àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ sí àwọn ọmọ náà, kó sọ lójú gbogbo wọn pé omi ilẹ̀ ni, Ìyìnfolúwa kò tọ̀. Mo ti sọ fún un. Ó ní nítorí pé èmi ni ìyá òun ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó tún ti ife omi padà sí mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín nínú ìjọ,

Ànúolúwapọ̀ Àlàbá (Ìyáàfin),
Ìyá Ìyìnfolúwa.